Òjò Dídì Orí Òrùlé Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Gulala,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo lérò pé ara yín le, ara ọkọ yín náà le, àti pé oòrùn Ahvaz ń ta sí yín lára. Lọ́dọ̀ wa níbí, òtútù ti gba ilé, ó gba ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo wa wà láàyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ìkíni lásán. Òun gan-an ni ìròyìn tí mo fẹ́ jẹ́ fún yín.

Òjò dídì àkọ́kọ́ lọ́dún yìí nípọn púpọ̀. Ẹ kò ní gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ òkè ni a kọ́lé sí, tí òrùlé wa fi jẹ́ àgbàlá Kak Rostam, aládùúgbò tó ń gbé lókè wa, àti pé Bàbá kò jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn bá òjò dídì níbẹ̀ rí. Lábúlé wa, opó nìkan ni aládùúgbò ń bá kó òjò dídì orí òrùlé rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Bàbá dìde lábẹ́ kúbùsù ńlá tí a tẹ́ bo tábìlì kékeré tí ẹyin iná wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo wa na ẹsẹ̀ sí. Ó fa sìgá kan, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì gòkè lọ láìdé fìlà.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí eérú, òógùn tútù sì bò ó. Ó ń fọwọ́ ra àyà, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun òun. Màmá ní, "Ṣé mo sọ àbí n kò sọ? Wàrà kíkan àti ẹja, lálẹ́ kan náà. Òtútù inú ni." Ó po ṣúgà líle mọ́ tíì gbígbóná fún un, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní oúnjẹ tútù, bá dà láàmú. Bàbá mu ún, ó sinmi, ìrora náà lọ. Màmá wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ. Ó jẹ wàrà kíkan lórí ìjókòó, nǹkan kan kò ṣe é. Ó ń gun òkè lọ sí mọ́sálásí nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo àfonífojì. Ó gbé igi ìdáná, ó tún dúró. Tó bá ti sinmi, ìrora náà á tún lọ. Mo sọ fún Màmá pé oúnjẹ kì í mọ ìgbà tí èèyàn ń gun òkè. Ó ní, "Ìwé tó o kà ti ń gùn ọ́."

Mo bá tọ Kak Rostam lọ, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ lè rìn lórí yìnyín. Ó ronú díẹ̀, ó sì lọ bá Bàbá: "Mò ń lọ ra táyà ní Mariwan. Wá bá mi ná an, ẹnu tèmi rọ̀ jù." Inú Bàbá dùn, ó wọ ọkọ̀, èmi náà sì bá wọn lọ. Ilé ìwòsàn ni a dúró sí. Bàbá kẹ̀yìn sí èmi àti Kak Rostam títí dókítà fi dé.

Dókítà ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan tó lọ sí ọkàn rẹ̀ ti há. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sanandaj, Màmá wá bá wa níbẹ̀, wọ́n sì la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé òtútù máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wá ti ìdí iná bọ́ sínú òtútù, tó tún ń gbé ẹrù wúwo, ń lé ọkàn sáré nínú ọ̀nà tóóró. Kó dé fìlà, kó fi aṣọ bo imú, kó pa sìgá tì, kó má pa oògùn rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kankan, kó má sì kó òjò dídì mọ́. Ó wá kọjú sí Màmá: "Tí irú ìrora yẹn bá tún dé, ẹ má po tíì. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá."

Kò pẹ́ tí a délé ni òjò dídì tún rọ̀. Bàbá dìde, ó mú ṣọ́bìrì. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Gulala, aládùúgbò ni yóò kó o lónìí. Ẹ mú ọ̀kan: ṣé kí wọ́n kó o fún ọkọ tó wà nílé tó ń bú wọn, àbí kí wọ́n kó o fún opó?"

Bàbá gbójú sókè. A ti ń gbọ́ ṣọ́bìrì Kak Rostam lórí wa, ó sì ń pariwo, "Àgbàlá mi ni mò ń gbá o. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá gbé òrùlé rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá láìròtẹ́lẹ̀. Ó na ṣọ́bìrì sí mi. "Lọ bá a. Má jẹ̀ẹ́ kí wèrè yẹn da gbogbo rẹ̀ sójú fèrèsé wa. Má sáré o." Mo gòkè. Nígbà tí mo bojú wolẹ̀, ó ti yọrí síta lójú fèrèsé, ó dé fìlà, ó ń fìka tọ́ka sí igun tí mo fò.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n má sọ fún yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀yin náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn tiyín wò. Tí ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ má sunkún sí i létí.

Kí Ọlọ́run mú yín délé láyọ̀ nígbà ọdún tuntun, kí ẹ bá gbogbo wa láìdín ẹnì kan. Kí ilé yín móoru, kí ọkàn yín balẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ṣilan

Mo fẹ́ fi kún un: Bàbá ti bá mi nídìí lẹ́tà yìí. Kò bínú. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò tíì darúgbó, òjò dídì ayé ìsinsìnyí ló wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Màmá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má bá a jiyàn, nítorí ọkàn rẹ̀.