Ike Ṣinṣín Tí Mo Sọ Di Àpótí Owó

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Odòde

Ara mi ló ń bí mi nínú.

Ike tí mo fi ń ta ṣinṣín ni mo fi ṣe àpótí owó tí a ń dá fún òrùlé ilé ìwé, torí pé gbogbo èèyàn á máa rí inú rẹ̀. Inú ọ̀gá àgbà dùn. "Ìyá Tọ́lá, ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé a jí owó jẹ."

Ìyá Bọ́sẹ̀, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wá di ọwọ́ rẹ̀ bọ̀, bí ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ ṣe máa ń dì í bọ inú àpò ọrẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Bó ṣe rí ike yẹn, ó dúró.

"Mọ̀mí, ẹ fi tiyín sí i o!" Ọ̀gá ló pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Kò padà wá.

Mo ti ya sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì mi àtijọ́, mo fi bo ike náà. Mo tún gé ẹnu rẹ̀ kí ọwọ́ dídì lè wọ̀ ọ́. Ọ̀gá á bínú. Kó máa bínú.

Lọ́la, ọwọ́ tèmi ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ní dídì. Èmi nìkan ló máa mọ̀ pé òfìfo ni ọwọ́ náà.