Fèrèsé Màmá Ẹ̀pẹ́

                                        Ilé Àwọn Àgbà ti Àǹtí Ọláṣùmbọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Abraham Adésànyà Estate,
                                        Àjá, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2012.

Tolúwani, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Bàbá rẹ ńkọ́, àti Kàmọ́rù àbúrò rẹ tó máa ń jí gúgúrú mi jẹ? Mo kí gbogbo ará Jakande, títí dé ajá onílé ìsàlẹ̀. Bí o bá ní èmi ńkọ́, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ni mí. Fóònù mi ti bọ́ sínú kóróbá omi apakòkòrò Izal, ló fi jẹ́ pé ìwé lò ń kà.

O rántí pé ọṣẹ dúdú ni màmá mi ní kí n sáré gbé fún Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí wọn, tó ń gbé nílé àwọn àgbà tí Àǹtí Ọláṣùmbọ̀ dá sílẹ̀ níbí. Àfi bí mo ṣe wọlé tí dókítà ní ikọ́ ti ń ràn káàkiri, kí wọ́n ti géètì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, mo ní mo ní ìdánwò. Géètì ò gbọ́ Yorùbá.

Ilé ọ̀hún gan-an ni kí o rí. Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ tó ya àwòrán rẹ̀ bẹ̀rù olè ju Ọlọ́run lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ó gùn láti Àjá dé Ìbàdàn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, fèrèsé sì wà lókè téńté níbi tí ẹyẹ nìkan lè yọjú sí. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ló ń fẹ́ sí gbogbo wọn. Bí ẹnìkan bá wúkọ́, ẹ̀rọ náà á pín in kárí bíi sàárà. Dókítà ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì ti olúkúlùkù mọ́ yàrá tirẹ̀. Èmi, ilé ìfọṣọ ni wọ́n jù mí sí, mò ń se aṣọ ibùsùn bí ẹni ń se ẹ̀wà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á kanlẹ̀kùn, á sá. Màmá Ẹ̀pẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ tí ènìyàn bá gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìkí ẹnikẹ́ni, tó tún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹbọ ni. Àwọn tí àwọn ti dé Mẹ́kà, ṣé òrìṣà ẹnu ọ̀nà làwọn ni? Àǹtí rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí okun Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Dókítà ní ikọ́ ò tíì kàn wọ́n o, ebi ló máa pa wọ́n.

Tolú, o mọ̀ mí ju kí n purọ́ fún ọ lọ. Mo fẹ́ sá ni. Àwọn bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ọgbà ti sún mọ́ fèrèsé Màmá. Lọ́sàn-án Àìkú, bí òjò ṣe dá, mo tò wọ́n léra, mo gùn ún kí n lè fò. Orí mi bá yọ sí fèrèsé.

"Sìmbíátù," ohùn Màmá rọra wá láti ìsàlẹ̀, "bí o bá ń lọ, kí mi kí o tó lọ."

Mo kúnlẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù tó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, mo ní ẹ káàsán mà. Wọ́n kì mí délẹ̀délẹ̀, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo jẹ. Mo ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní ṣé kò ṣẹ́kù. Mo sáré lọ gbé e tewétewé, mo fi ọ̀já sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín irin fèrèsé bí ẹni ń fami. Bàbá Ọdúnjọ tí wọ́n jọ máa ń ta ayò gbọ́ wa láti yàrá kejì.

"Àlájà, ṣé ẹ ti gba ẹbọ yín?"

"Ọdúnjọ, ìwọ ni wọ́n máa fi rú tọ̀la."

Màmá jẹ ẹ́ tán, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jẹ ewé.

Àǹtí ká mi mọ́ orí búlọ́ọ̀kù. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ ni wọ́n pè. Ọkùnrin náà fi aṣọ bomú, ó wo búlọ́ọ̀kù, ó wo fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì ni bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gé ògiri. Fèrèsé ti wálẹ̀ dé ibi tí ẹni tó jókòó lè rí àgbàlá, atẹ́gùn òkun ń wọlé fúnra rẹ̀, àga sì wà níta níbi tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jókòó kí wọn kó tó gbé oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Ikọ́ ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ wá bi Màmá bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ojú mi ti jáde. Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

Ó tún tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí mọ́tò, ó ní kí wọ́n bá òun wá pẹ́ńsù.

Ọ̀la Ẹtì ni géètì máa ṣí. Láàárọ̀ yìí ni mo di ẹrù mi. Màmá rí i, wọ́n kàn fa àga wọn sún mọ́ fèrèsé. Mo ti tú ẹrù náà. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún màmá mi pé ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gé ilẹ̀kùn sí yàrá Màmá kí n tó wálé.

Bá mi kí Àṣírù àti gbogbo ọmọ kíláàsì wa. Kàmọ́rù, gúgúrú mi o.

Èmi ni, ẹlẹ́wọ̀n rẹ ní Àjá,
Sìmbíátù.