Màmá Rẹ Ń Gbá Ẹyin Lórí Tábìlì

Òde-Ayé,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, 1994.

Mobọ́lá, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà. Èkó tó ń gbé èèyàn mì kò níí rí yín gbé mì. Ẹ ó máa jáde, ẹ ó sì máa rí ọ̀nà padà wálé. Àmín. Ara èmi náà ti le, ẹ̀fọ́rí tí mo kọ̀wé rẹ̀ sí ọ nígbà yẹn ti lọ. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ọ̀nà Igbodigo ti bàjẹ́, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ti bímọ méjì.

Ti màmá rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Má jáyà, kò ṣàìsàn. Tẹ́bù tẹ́nìsì ló ń gbá. Mo mọ̀ pé àwọn ará ibí tó ń wá sí Èkó lè sọ ọ́ fún ọ lọ́nà mìíràn, ni mo ṣe ní kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi bàbá rẹ.

Nínú oṣù karùn-ún ló kan àwa òbí Tẹjúmádé àbúrò rẹ láti tọ́jú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wọn, màmá rẹ sì mú ìgbálẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló lọ gbá, bọ́ọ̀lù ló gbá bọ̀. Tísà Olúyọmí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ló bá níbẹ̀, ó gbé ìdajì tábìlì kan dúró bí ògiri, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ògiri náà sì ń dá a padà fún un. Bọ́ọ̀lù yìí fò sọ́dọ̀ màmá rẹ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a padà sórí tábìlì láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. O mọ ọwọ́ tó ti ń mọ púpurù ẹ̀gẹ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún, kì í rọra. Tísà bá fún un ní báàtì, èyí tó dà bí abẹ̀bẹ̀ kékeré tí wọ́n lẹ rọ́bà mọ́, wọ́n sì gbá a títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú.

Nígbà tó wọlé, mo bi í pé kí ló dá a dúró, ó ní ẹyin ló là, Tísà ń wá òmíràn. Mo ní ẹyin tó bá ti là, kí wọ́n tètè dín in. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi ẹyin adìyẹ wa mẹ́ta rán Tẹjúmádé sí Tísà, torí ọkùnrin tí kò níyàwó nílé kò yẹ kó máa fi oúnjẹ rẹ̀ ṣeré pẹ̀lú ìyàwó mi. Tísà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fi wọ́n jẹ iṣu, àmọ́ ẹyin tí àwọn ń wí, bọ́ọ̀lù funfun ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi afẹ́fẹ́. Mo ní ta ló yé e. Ó ní Ṣáínà ni.

Ìgbà tó di ojoojúmọ́, Alàgbà Jethro ti ìjọ wa wá bá mi, ó ní òun rí ìran, òun rí obìnrin kan tó ń sá yí tábìlì aláwọ̀ ewé ká tí kò rọ́nà jáde. Mo ní ṣé lójú ẹ̀mí ni àbí lójú fèrèsé ilé-ìwé. Mo bá gbé àpótí mi, mo lọ jókòó sí gbọ̀ngàn náà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọ̀n wà láàárín tábìlì náà bíi ti apẹja, àmọ́ mi ò rí ẹja kankan tó kó. Tísà kò fọwọ́ kan òjìji màmá rẹ pàápàá. Mo wọn tábìlì náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni, mo sì padà lọ sọ fún Alàgbà Jethro pé àyè tó wà láàárín òun àti àwọn obìnrin akọrin kò tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà kò rí ìran mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ni ìwé dé láti Okitipupa pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, àti pé ìlú tí ẹni tó bá gba ipò kìíní bá ti wá ni wọn yóò fún ní tábìlì tuntun ẹlẹ́sẹ̀ irin. Ìyẹn ká wa lára, torí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ kan lára ti ilé-ìwé, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tì í. Èmi ni mo bá màmá rẹ kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè iye ọdún tó ti ń gbá a, mo kọ méjìléláàádọ́ta, torí iye ọdún rẹ̀ nìyẹn, mi ò fẹ́ parọ́. Wọ́n bèèrè kóòṣì rẹ̀, mo kọ ọ́ pé a kò ní kóòṣì, bọ́ọ̀sì Àkànmú la máa wọ̀.

Bọ́ọ̀sì náà la sì wọ̀, ó kún fọ́fọ́. Màmá rẹ ṣẹ́gun obìnrin méjì kó tó kan Ìyáàfin Tiwalọlá, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Okitipupa. Bàtà kànfáàsì funfun ló wọ̀. Màmá rẹ so ìró rẹ̀ le, ó sì bọ́ sálúbàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adájọ́ ké pé lọ́ọ̀fù ọ̀ọ̀lù. Àkànmú tó jókòó tì mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìfẹ́ fún gbogbo wa, mo bá ṣí fìlà, mo ṣe àmín. Nígbà tí màmá rẹ jẹ ẹyọ kan, adájọ́ ní wáànù lọ́ọ̀fù, ó wá jọ pé ìfẹ́ ti tán lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ obìnrin kejì nìkan ló kù sí. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mọ́kànlélógún lẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ. Màmá rẹ mú gémù kìíní, Tiwalọlá mú ìkejì. Nínú ìkẹta, màmá rẹ jẹ ogún, Tiwalọlá jẹ mọ́kàndínlógún. Tiwalọlá wá gbá ọ̀kan tó le, bọ́ọ̀lù náà já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ, adájọ́ sì nawọ́ sí wa pé ó ti tán. Gbogbo ará Òde-Ayé fò sókè, èmi náà fò. Màmá rẹ gbé báàtì kalẹ̀, ó ní rárá o, ó kan etí tábìlì. Bó bá kan etí, ti ẹni tó gbá a ni. Adájọ́ ní òun kò rí i. Màmá rẹ ní òun gbọ́ ọ. Mo ti yanu láti sọ fún un pé kó panu mọ́, mo kàn rí i pé mi ò lè sọ ọ́.

Ó di ogún sí ogún, adájọ́ bá ké pé jùúsì. Mo wò yíká, wọn kò gbé nǹkan mímu wá fún ẹnikẹ́ni. Tiwalọlá jẹ méjì léra wọn, ó sì parí.

A tún wọ bọ́ọ̀sì padà, a dé Ìjù-Odò. Ibẹ̀ ni Adésànyà káfíńtà ti ní òun kò rí òtítọ́ tó gbówó lórí tó báyìí rí, odidi tábìlì. Màmá rẹ ní bí òun bá gbé tábìlì yẹn wálé, ìró etí rẹ̀ ni òun yóò máa gbọ́ nígbàkígbà tí òun bá ń gbá a. Inú bí mi sí i títí a fi wọlé, n kò níí purọ́ fún ọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí tábìlì ilé-ìwé náà fi wó pátápátá, wọ́n sì fi dáná. Màmá rẹ kò ráhùn. Bó bá ń se ọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa gbá afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ, mo gbé e lé orí àgbá epo méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Adésànyà gbọ́, ó mú ìfági wá láìjẹ́ pé a pè é, ó fá a dán, ó sì dí ihò kọ́kọ́rọ́. Tísà so àwọ̀n sí i. Ní Sátidé tó kọjá Tiwalọlá fúnra rẹ̀ wá láti Okitipupa, ó ní adájọ́ lè má rí i, àmọ́ òun náà gbọ́ ìró yẹn lọ́jọ́ náà, òun sì ti fẹ́ dákẹ́. Màmá rẹ fún un ní púpurù, ó sì nà án lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀kùn rẹ. Èmi náà ti ń gbá a. Mi ò tíì jẹ ju méje lọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí Adésànyà kan ilẹ̀kùn mìíràn kó tó di Kérésì. Bí kò bá sí owó, mú kọ́tìnì tó nípọn dání bí o bá ń bọ̀, torí màmá rẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé èyí padà.

Ilẹ̀kùn tí èèyàn kankan kò lè tì ni Ọlọ́run yóò ṣí fún ọ níbi tí o wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọdúnlámì.