Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ́ Ìbílọlá

Upenmen, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1993.

Agatha ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Ìbílọlá ọmọ yín ń jẹun dáadáa? Kí Olúwa máa ṣọ́ yín ní Ìbàdàn. Ara tèmi náà le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Kòkó ti ń pọ́n.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní àwọ̀n iṣan ọpọlọ àtọwọ́dá lẹ ń fi kọ̀mpútà ṣe ní yunifásítì. Mo rò pé àwọ̀n ìpẹja ni, àfìgbà tí Olúgbádé, olùkọ́ ìjọ wa, ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni, pé ẹ kì í kọ́ ọ ní òfin èdè, ọ̀rọ̀ lẹ ń kó fún un títí yóò fi mọ èdè fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá yín ń jiyàn bóyá ọmọ ènìyàn gbé èdè wáyé ni tàbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Ọmọ mi, ẹ má ti ẹ̀rọ yẹn mọ́lé lóun nìkan. Ẹ máa gbé e lọ sọ́jà kí ó gbọ́ ohùn ènìyàn.

Mo ní ẹ̀rí tí o lè kó fún àwọn ọ̀gá rẹ. Nígbà tí Ìbílọlá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, a kàn ń wo ara wa ni. Kò pé oṣù kan tó fi ń bá mi jà ní èdè Ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ kan ó kó ẹ̀pà pamọ́, mo pè é ní adánìkanjẹ, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí èmi àti ìyá rẹ máa ń jókòó kó tó kú, ọmọ náà wá bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ adánìkanjókòó. Mi ò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì wádìí ládùúgbò, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó gbọ́ ìdajì lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tó ti rí ìdajì yòókù. Ó sì jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

O wá mú un lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ láti fi tẹlifóònù kí i, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ sí mi. Mo ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n, títí tẹlifóònù fi já.

Jọ̀wọ́, fi owó bátìrì rédíò ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ tí màá fi wá nígbà Kérésì. Bí àyè ò bá sí nílé yín, mo lè sùn sí yàrá ẹ̀rọ yẹn kí n máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbọ̀wálé