Aṣọ Alápá Mẹ́jọ

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú ìwé, mo kí ọ kú àìsinmi. Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń sùn? Orí rẹ kò ní dàrú mọ́ ọ lórí ìwé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dà á láàmú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ le koko.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé o. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tẹ̀wé ládùúgbò tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà ńlá, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, inú mi dùn, mo ní ọmọ mi kò gbàgbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó ya pátánì aṣọ ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ibi tí ìlà ti tẹ̀ bí ihò apá ni mo gé ní ihò apá. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rán an. Apá mẹ́jọ ló ní, kò sì ní ọrùn. Bàbá rẹ kó sínú rẹ̀, a ò rí i mọ́, ó ní ó gba òun dáadáa. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà ní yunifásítì yín ni, pé bí ẹni ń wò ó láti òkè ni wọ́n ṣe ń yà á, pé ilẹ̀kùn ni gbogbo ohun tí mo pè ní apá. Èwo ni ti wíwo ilé láti òkè? Jọ̀ọ́, má gun òrùlé kankan o.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó sọ pé o ò ní wálé ní ọlidé yìí, pé gbọ̀ngàn yẹn lẹ fẹ́ wọ̀n láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé kí ògiri rẹ̀ tó wó, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọmọ mi, ilé tó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣé kò lè dúró dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ni? Bá mi bẹ olùkọ́ yín. Kó fi igi ti ògiri náà ná.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́, àmọ́ láti ìgbà tí o ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dín gbogbo aṣọ mi, torí wọ́n ń tóbi jù fún mi. Bàbá rẹ rò pé ti oníbàárà ni mò ń ṣe. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ mi dé ná kó sìn mí lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ibi tí n óò ti tọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wálé. Bó bá ṣẹ́ kù, ra abẹ́rẹ́ máṣíìnì méjì bọ̀, gbọ̀ngàn yín ti dá tèmi.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á pẹ́ láyé. Ọ̀nà á là fún ọ, wàá dé láyọ̀, wàá sì bá mi nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ