Kọ́ọ̀ṣì Bàbá Onome

Nítòsí Boundary,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
12 Oṣù Kẹta, 2024.

Tiwalọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Justice ọkọ rẹ. Mo ní ìrètí pé òtútù Leeds ti ń dẹwọ́, àti pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ. Ara tèmi le, àyàfi orúnkún ọ̀tún. Ìyá rẹ ń kí yín.

Kọ́ọ̀ṣì réluwéè kéékèèké oníke méjì tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Bàbá Onome ọ̀rẹ́ mi. O béèrè fún àwòrán wọn. N kò lè yà á, nítorí mo ti gé tèmi sí ọ̀nà mọ́kànlá.

Ọkọ̀ ìlú òyìnbó ni. Èyí tó wà lọ́kàn mi ni kọ́ọ̀ṣì tí Bàbá Onome ti fi ọdún mọ́kàndínlógún yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, láti Ìddó dé Kaduna. Ní oṣù Kọkànlá ni dókítà sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún sì ń tẹ̀lé e. Mo fẹ́ kó rí ọkọ̀ rẹ̀ kí ìyẹn náà tó lọ.

Mo fi ayùn wẹ́wẹ́ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín fèrèsé sí fèrèsé, mo tò wọ́n bí àwòrán àtijọ́ kan ṣe fi hàn mí, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mo sì fi sáńpépà ha á títí ìka kò fi mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Páìpù omi tí Tega púlọ́ńbà ní Malu Road là sí méjì ló di òrùlé. Ọ̀sẹ̀ méje ni iṣẹ́ náà gbà mí.

Mo gbé e lọ fún Bàbá Onome lẹ́yìn ìsìn. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i, ó ń fi ìka ka fèrèsé. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà! O ti kọ́ ṣáláńgá sórí àga mi o!"

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwòrán mi fi hàn, mo sì ṣe ìkejì bákan náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá kan, fèrèsé rẹ̀ kéré. Ní òdìkejì rẹ̀ ni àga tí òun máa ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé fífẹ̀. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, tí mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo!

Àtúnṣe náà gba fèrèsé fífẹ̀ kan sí i, tèmi sì ti tán. Ti Bàbá Onome ló kù, tí n kò tíì fún un, nítorí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé e lọ fún un nínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó fọwọ́ pa á, ó súre fún ọ. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí dára gan-an. Àmọ́ mi ò yẹ tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni wò nínú ẹ̀ rí. Abeg, gé e."

Mo ní kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ. Ó ní, "Ṣé ojú mi máa dúró de Leeds ni?"

Mo gé e, mo sì fi fèrèsé fífẹ̀ rẹ̀ kan dípò ti ṣáláńgá náà. Ní Sátidé tó kọjá, ó wá ibẹ̀ rí fúnra rẹ̀, ó fi ìka lé fèrèsé náà, ó ní, "Ibí ni." Kò tètè mú ìka kúrò.

Má bínú sí wa. Tí o bá pè é, má béèrè ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́. Béèrè àga rẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ojú yín àti ọ̀nà yín, kó jẹ́ kí a fi ayọ̀ rí ara wa lọ́dún yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Túnbọ̀sún.

Àfikún: Àga náà kò hàn láti ìta. Síbẹ̀ mo ṣe é, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo sì gbé e sínú kí n tó lẹ òrùlé. Bàbá Onome ní àwọ̀ pupa ni. Lọ́jọ́ Ajé ni n ó tú òrùlé náà.