Káàdì Funfun

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mò ń jẹ, mò ń sùn. Ẹ má dààmú láti fi ẹja ránṣẹ́ mọ́, àríwá yìí jìnnà, bíbàjẹ́ ló ń bà jẹ́ lọ́nà.

Ilé ìwòsàn abúlé yìí kò létò rárá nígbà tí mo dé. Dókítà Maurice tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n fara balẹ̀ mọ àwọn èèyàn ná. Ta ló ráyè ìyẹn? Ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí ẹ kọ́kọ́ rán mi lọ wúlò: mo ṣe káàdì. Ẹni tó bá ń ké ìrora gba pupa, ó wọlé kíákíá. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ gba funfun, ó dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, aboyún Ìbàrìbá kan wá. Ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní funfun, mo tiẹ̀ yìn ín pé kò yọ wá lẹ́nu. Nígbà tó kàn án, ó ti kú lórí bẹ́ǹṣì, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀ gbingbin.

Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, agbẹ̀bí wa túmọ̀ rẹ̀: "Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni kí obìnrin ké lórí ìkúnlẹ̀. Ìyàwó wa kò dójú tì wá." Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Rachidou. Ẹ kí Yasmina àbúrò mi tó lóyún. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, kó ké, Ìyá mi. Kó ké kí gbogbo Tokpota gbọ́.

Ọmọ yín,
Kamilath